Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin: Aṣa àti Orin Àtúnṣe Ìlú, Láti Ibodè Ṣàngó

1. Ìfáàrà

 

Àwọn baba wa ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà, a sì máa ń pa á bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni bóyá òwe náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, irú orin wo ni ó kù fún ọ̀kọrin tí ó fẹ́ kí ìlú yí padà láti máa kọ?

Ọ̀kọrin tí mo mú wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni Bùkọ́lá Elémìdé, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aṣa. Orin rẹ̀ jẹ mọ́ irú èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní soul. Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ gbà pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò kan lítíréṣọ̀ Yorùbá: gìtá ni ó ń ta, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ púpọ̀ nínú orin rẹ̀, ìlú Paris sì ni wọ́n ti gbé àwo rẹ̀ jáde. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ tí Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe lóru ní ọjà Ọ̀tà ni Aṣa ń ṣe. Mo tún fẹ́ fi hàn pé ọgbọ́n tí ó fi ń ṣe é jẹ́ ọgbọ́n ẹni tí a bí lẹ́yìn ìgbà tí májẹ̀mú àárín ọba àti ọ̀kọrin ti bàjẹ́.

2. Ibodè Ṣàngó

Ibodè Ṣàngó, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Toll Gate, ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti gbéra. Ní ayé àtijọ́, ìlú olódi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibodè. Oníbodè ni í jókòó sí ẹnu rẹ̀, tí í gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí apá kan owó náà sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọba àti àwọn ìjòyè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ la òpópónà márosẹ̀ tí ó so Èkó mọ́ Abẹ́òkúta, wọ́n gbé ibodè tiwọn náà kalẹ̀ sí Ṣàngó, ní ìloro Ọ̀tà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba ti fòpin sí gbígba owó ibodè ní àwọn òpópónà rẹ̀. Ilé ibodè lọ, orúkọ kù.

Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ yóò jẹ́rìí mi pé orúkọ nìkan kọ́ ni ó kù. Àwọn agbèrò ṣì ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, awakọ̀ sì ń fi owó náà lé owó ọkọ̀, èrò ni ó ń san án ní ìkẹyìn. Èrò náà kò sì mọ níye. Láti Ṣàngó ni ọ̀nà kan ti yà wọ inú ìlú Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò ní ẹnu ààlà ilẹ̀ Benin. Òmíràn lọ sí Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta. Òmíràn gba Agége wọ Èkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń rọ irin, àwọn tí ń ṣe ike àti àwọn tí ń ṣe oúnjẹ pọ̀ ní agbègbè náà. Ní ìdájí, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́jú máa ń pàdé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Oníbúrẹ́dì, ọlọ́kadà, oníwàásù orí ìdúró àti alágbo ni wọ́n jọ ń pariwo du etí èrò. Orin tí ó bá lè dá ènìyàn dúró ní irú ibẹ̀ ti yege ìdánwò kan tí kò sí ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Aṣa, ní ọdún 2008, bí mo ti ń dúró de ọkọ̀ Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kó àwo orin sórí ọmọlanke yọ fújì kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi orin obìnrin kan sí i. Ohùn náà kò le, gìtá ni ó gbé e nílẹ̀, síbẹ̀ mo rí i pé àwọn tí wọ́n wà nítòsí ń yí orí padà. Ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò fojú kan oorun mọ́jú, dúró, ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, “Ta ló ń kọ èyí?”

“Àṣá ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹyẹ ni, àbí ènìyàn?”

“Ènìyàn ni, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ wa ni.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ra àwo kan, èmi náà sì ra ọ̀kan. Orin tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà ni “Jailer”, èyí tí n óò padà sórí rẹ̀.

3. Ibi tí orin soul ti wá

Kí a tó lè mọ ohun tí Aṣa ṣe, ó yẹ kí a mọ irinṣẹ́ tí ó bá nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, soul, túmọ̀ sí ọkàn tàbí ẹ̀mí ènìyàn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ẹrú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orin náà ti jáde. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn olórin bí Ray Charles àti Sam Cooke mú ohùn tí a fi ń yin Ọlọ́run, wọ́n fi ń kọ orin ìfẹ́ àti orin ìgbésí ayé. Ohun mẹ́ta ni ó gbé irú orin yìí ró. Èkíní ni lílé àti gbígbè. Èkejì ni yíyí ohùn sókè-sódò tí ẹ̀dùn ọkàn yóò fi hàn nínú ohùn kí ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ìjẹ́rìí: ọ̀kọrin a máa sọ ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dìde láàárín ìjọ. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti apá ibí yìí ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn náà lọ, wọn kò sì fi ohùn wọn sílẹ̀ sí etíkun.

Nígbà tí ìjà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú gbóná ní Amẹ́ríkà, orin soul wọ inú ìjà náà. Ní ọdún 1964 ni orin Sam Cooke kan tí ó ń jẹ́ “A Change Is Gonna Come” jáde, tí ó ń fi ìrètí sọ pé àyípadà ń bọ̀. Ní 1968, James Brown kọ orin tí ó ní kí aláwọ̀ dúdú máa fi àwọ̀ rẹ̀ yangàn. Ní 1971, Marvin Gaye gbé odindi àwo kan, “What's Going On”, lé orí ogun Vietnam, òṣì àti ìbàjẹ́ àyíká.

Kò pẹ́ tí orin náà fi padà sílé. Ní 1966, Orlando Julius, tí ó di olóògbé ní ọdún 2022, gbé àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ “Super Afro Soul” jáde ní Nàìjíríà. Fẹlá wà ní Amẹ́ríkà ní 1969, níbi tí ó ti bá àwọn tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú pàdé. Ní 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá ṣeré ní Nàìjíríà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé orin àjèjì ni soul, ó yẹ kí a rántí pé ọmọ tí ó rin ìrìn àjò tí ó sì padà wálé kì í ṣe àlejò nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ti yí díẹ̀.

4. Májẹ̀mú àárín ọba àti ọ̀kọrin

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí òwe wa. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé májẹ̀mú ni. Ọba gbà pé òun kò ní fìyà jẹ ẹni tí ó bá fi orin sọ òótọ́. Ọ̀kọrin náà gbà pé orin òun yóò jẹ́ ti ìlú, pé òun kò ní fi gbẹ̀san ìjà ara òun.

Ibi tí a ti lè rí májẹ̀mú yìí kedere ni inú Ẹ̀fẹ̀, tí í ṣe apá òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí Ibodè Ṣàngó wà ní ìloro rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlú Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, àti Kétu tí ó bọ́ sí ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún alohùn tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Nínú ọjà ni Ẹ̀fẹ̀ ti í jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò júbà àgbà. Lẹ́yìn ìbà ni yóò tó máa ṣúre fún ìlú, ìgbà náà ni yóò sì wá máa bá àwọn oníwà ìbàjẹ́ wí, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ìjòyè. Àwọn elégbè á gbà á, èrò ọjà á gbà á, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, orin náà yóò ti di ti gbogbo ìlú. A kì í mú Ẹ̀fẹ̀ fún ohun tí ó kọ lórin.

A tún rí májẹ̀mú náà ní Abẹ́òkúta, ní ìkangun òpópónà kan náà. Ní 1947 àti 1948, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ń darí, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Orin ni wọ́n ń kọ, àwọn mìíràn nínú orin náà sì le bí ìbọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ààfin sílẹ̀, kò sì padà títí di òpin ọdún 1950. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé orin nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ẹgbẹ́, wọ́n ní agbẹjọ́rò, wọ́n sì kọ̀ láti san owó orí. Orin ni ó mú kí ẹsẹ̀ wọn ṣe ọ̀kan. N óò padà sórí kókó yìí.

Ìgbà wo wá ni májẹ̀mú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́? Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúńdé nítorí eré rẹ̀, “Yorùbá Ronú”. Ìjọba ológun ni ó tó mú òfin náà kúrò ní 1966. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Fúnmiláyọ̀, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1938. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kó àwọn obìnrin lọ sí ààfin. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń kọrin bí Ẹ̀fẹ̀: ó ń dárúkọ ẹni, ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Ní 1976 ni ó kọ “Zombie”, tí ó fi àwọn ọmọ ogun ṣẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n na àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìwádìí tí ìjọba ṣe sọ pé ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, fẹ̀yìn tì sí oko rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979, ní ìlú Ẹ̀fẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, 2020, ní ibodè mìíràn, èyí tí ó wà ní Lẹ́kkí ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe ìwọ́de lòdì sí ìwà ipá àwọn ọlọ́pàá jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé àsíá Nàìjíríà dání, wọ́n sì ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ pé wọn kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pé ẹ̀mí ṣòfò. Orin tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́ wọn ní ilé-ìwé ni wọ́n ń kọ. Bí a bá ní kí a sọ ọ̀rọ̀ bó ti rí, ọ̀kọrin kò ní ààbò òwe wa mọ́.

5. Aṣa àti ọgbọ́n rẹ̀

A bí Aṣa ní Paris ní ọdún 1982. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e padà wá sí Nàìjíríà, Èkó ni ó sì dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ní àkójọ àwo orin tí ó pọ̀. Marvin Gaye àti Aretha Franklin wà nínú rẹ̀. Fẹlá, Sunny Adé àti Ebenezer Obey náà wà nínú rẹ̀. Inú ilé kan ṣoṣo ni odò méjèèjì tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wọn bọ̀ ti pàdé. Orúkọ tí ó yàn fún ara rẹ̀ ni àṣá, ẹyẹ tí ń fò lókè tí ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí ó ti wà lára àwo rẹ̀, àlejò lè kà á sí àṣà, kò sì ní ṣìnà púpọ̀. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Cobhams Asuquo bá a ṣe ètò orin inú rẹ̀, jáde ní 2007. Ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé ní 2008. Àwọn àwo mìíràn tẹ̀ lé e ní 2010, 2014, 2019 àti 2022. Kì í ṣe gbogbo orin rẹ̀ ni ó jẹ́ orin àtúnṣe ìlú. Orin ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Méjì péré nínú àwo àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Nínú “Jailer”, ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń sọ̀rọ̀, wọ́dà tí ń ṣọ́ ọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kò bú wọ́dà náà. Ó fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ti í fi oyè pe àgbà tí ó fẹ́ bá wí. Ó sì ń ka ohun tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbólóhùn tí ó jọ ara wọn ń tẹ̀ lé ara wọn, bí a ti ń rí i nínú ẹsẹ Ifá àti nínú oríkì. Ìdè tí ó de ẹlẹ́wọ̀n de wọ́dà. Bí a bá rò ó dáadáa, òótọ́ ni: ẹni tí ó ń ṣọ́ ènìyàn kò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Èyí kì í ṣe ìtùnú fún ẹlẹ́wọ̀n. Ìdájọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdájọ́ tí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá.

Ẹ wo bí orin náà ti bá Ibodè Ṣàngó mu. Agbèrò tí ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ ní ẹni tí òun náà gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọkọ̀ kan náà ni òun náà yóò wọ̀ gba orí ọ̀nà kan náà tí ó ti bàjẹ́, ilé ìwòsàn kan náà tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ ni yóò sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Oníbodè náà wà nínú àwọn tí ń san owó ibodè. Ìyẹn ni mo rò pé ọkùnrin òṣìṣẹ́ ọjọ́sí gbọ́ tí ó fi dúró.

Orin kejì ni “Fire on the Mountain”. Gbogbo ẹni tí ó bá lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ni ó mọ eré ọmọdé tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn ọmọ á máa sáré yípo, ẹni tí ń darí eré á pe iye kan, wọn á di mọ́ ara wọn bí iye náà, ẹni tí kò bá rí ẹni di mọ́ á bọ́ sóde. Nínú eré náà, gbogbo ènìyàn ni ó ń sá. Aṣa yí i padà. Nínú orin tirẹ̀, iná ń jó lórí òkè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sá. Àwọn baba wa ní bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Òwe náà mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn ara rẹ̀ ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ohun tí òwe náà kò rò ni pé ọjọ́ kan lè wà tí ènìyàn kò ní gbọ̀n tara rẹ̀ pàápàá, tí yóò dúró tí yóò máa wòran. Ibi tí Aṣa bá wa nìyẹn. Ẹ̀sùn orin náà ti kúrò lórí ẹni tí ó dáná. Ó ti dé orí ẹni tí ó ń wo iná.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú orin méjèèjì. Fẹlá dárúkọ ẹni. Aṣa fi àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí olùgbọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lójú tèmi, ohun tí ọ̀kọrin ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọba bá ti ń pa ọ̀kọrin. Ẹ̀fẹ̀ ní ìbòjú àti àṣà ìlú láti bò ó. Nígbà tí ìlú kò bo ọ̀kọrin mọ́, àfiwé ni ó di ìbòjú rẹ̀. Ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí pé orin kan tí ó pè ní “Ìbà” wà nínú àwo kan náà.

6. Àwọn àtakò

Àtakò kan wà tí n kò lè fojú fò. Àwọn ọmọ lẹ́yìn Fẹlá yóò sọ pé orin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àléfà, pé ẹni tí ó ń fìyà jẹ ìlú lè jókòó síbi ayẹyẹ, kí ó fi orin Aṣa jó, kí ó sì ná owó fún olórin. Òótọ́ ni. Àfiwé tí ó bo ọ̀kọrin lè bo ẹni tí a ń bá wí pẹ̀lú. N kò ní oògùn ìyẹn, n kò sì rò pé Aṣa ní in.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà kejì. Orin tí ó dárúkọ ẹni máa ń ní ọjọ́ orí. Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ní orin Fẹlá kan, wákàtí kan lè lọ lórí ṣíṣe àlàyé ẹni tí ó ń bú kí a tó dé orí orin náà. Orin wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n kò nílò irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ní 2007 ó ní ẹni tí ó bá wí, ní 2020 ó ní, lónìí pẹ̀lú kò ṣe é pè ní orin àná. Ìlú nílò irú orin méjèèjì, bí Ẹ̀fẹ̀ kan náà ti ń bú nígbà kan tí ó sì ń pa òwe nígbà mìíràn ní òru kan ṣoṣo.

Àtakò kejì ni ti èdè. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ orin méjèèjì tí mo yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi Yorùbá kọ àwọn mìíràn nínú àwo kan náà. Èmi kò ní sọ pé èdè kò jẹ́ nǹkan. Iṣẹ́ mi kò ní jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé lítíréṣọ̀ ju èdè nìkan lọ. Ìlànà ìbáwí, ìtò gbólóhùn, òwe tí ó wà lábẹ́ orin, àti ipò ọ̀kọrin láàárín ìlú, gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ ti wa nínú orin wọ̀nyí. Ní ti pé obìnrin ni, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń gbé agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún agbára àwọn ìyá wa. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá náà bá wá gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó yà lẹ́nu? Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ṣe é kí a tó bí i.

7. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti sọ pé orin nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ ọdún 1949 ní Abẹ́òkúta. Ó dára kí a parí síbẹ̀, nítorí a máa ń di ẹrù tí ó pọ̀ jù lé ọ̀kọrin lórí. Nínú Ẹ̀fẹ̀, nínú orin àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bí soul, ẹnìkan kì í kọ orin tán. Ọ̀kan ń lé, ìyókù ń gbè. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gbè nípa kíkọ̀ láti san owó orí. Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà gbè nípa fífi ẹsẹ̀ rìn lójú títì. Ọ̀kọrin tí kò bá ní elégbè, bí ohùn rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó, òun nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ wá fún. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bí tiwa fi orin Aṣa àti orin Ẹ̀fẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ wọn pọ̀, kí ó sì gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀. Bí a bá fi àwọn orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn nìkan, ìtàn lítíréṣọ̀ wa yóò dúró ní ibi tí ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ sí àwọn ibùdókọ̀, Ṣàngó ni ó sì súnmọ́ wa jù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn olùgbọ́ léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀kọrin wà níbẹ̀, òwe wà níbẹ̀, àwọn tí ń san owó ibodè sì wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Àwọn àgbà ní ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn ọ̀kọrin ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ti fi ilé àti ìyá san án. Ó ku àwa elégbè.